Bí mo ṣe tún oscilloscope Tektronix 465 tokunbọ̀ ṣe

Ọdún 1972 ni wọ́n gbé Tektronix 465 jáde ní Oregon, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Oscilloscope (skóòpù) ni ẹ̀rọ tó ń ya bí iná ṣe ń lọ sókè sódò bí ìlà sójú rẹ̀. Èyí ní ọ̀nà méjì tí iná ń gbà wọlé, ó sì ń ka iná tó bá yára dé 100 MHz (ìgbà mílíọ̀nù ọgọ́rùn-ún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan). Ó wúwo, ó ń gbàyè lórí tábìlì, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, torí pé ojú ń rí ọ̀pọ̀ ẹ̀yà inú rẹ̀, irin tí a fi ń jó lẹ́ẹ̀dì sì ń dé ibẹ̀. Ìwé àtúnṣe rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Mo tẹ ojú ewé tó jẹ mọ́ pọ́wà (ẹ̀yà tó ń pín iná fún ìyókù) jáde sórí bébà kí n tó tú ìdè kankan.

Ibi tí wọ́n ti ń yan iná ni mo kọ́kọ́ wò. Èyí tó bá ti Amẹ́ríkà wá, orí 115 V ló máa ń wà, iná tiwa sì jẹ́ 230 V. Mo gbé e sí 230 V. Mo yọ fíúsì 1.5 A tó wà nínú rẹ̀, mo fi 0.75 A rọ́pò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń yí fóltéèjì tí wọ́n ń gbàgbé fíúsì. Fíúsì ńlá yẹn ò ní já lásìkò tí nǹkan bá bàjẹ́, tiransifọ́mà ló máa jó dípò rẹ̀.

N kò tíì ki í bọ iná o. Iná márùn-ún ni pọ́wà rẹ̀ ń pèsè: +110 V, +55 V, +15 V, +5 V àti −8 V. Mo fi mítà wọn ohms (Ω, bí ọ̀nà ṣe ń dènà iná tó) láti orí ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ́ẹ̀tì. Mẹ́rin dára. Orí +15 V, 2 Ω péré ni mo bá. Nǹkan kan ti bíríìjì níbẹ̀, ìyẹn ni pé iná ń gba ibi tí kò yẹ lọ tààrà sí ẹ́ẹ̀tì.

Ẹni tó bá mọ 465 á fura sí kàpásítọ̀ (ẹ̀yà tó ń tọ́jú iná pamọ́) onítantalum lójú ẹsẹ̀. Awọ tín-ín-rín inú rẹ̀ ló ń ya iná sọ́tọ̀. Bó bá lu, ó di wáyà lásán. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé wọ́n pọ̀ lórí +15 V, wọ́n sì fọ́n káàkiri bọ́ọ̀dù. Bí mo bá ń tú wọn níkọ̀ọ̀kan, bàbà orí bọ́ọ̀dù á ṣí kí n tó dé orí ọ̀daràn. Nítorí náà, mo fi pọ́wà orí tábìlì fún +15 V ní 0.5 V péré, mo sì dín amps rẹ̀ kù sí 0.3 A. Fóltéèjì yìí kéré débi pé tiransísítọ̀ ò ní jí. Ibi tó bíríìjì nìkan ni iná máa gbà.

Mo gbé mítà sí millivolt. Mo fi ẹsẹ̀ rẹ̀ kan mọ́ ojú ibi tí iná ti ń wọlé, mo ń fi èkejì tẹ̀lé ojú ọ̀nà bàbà díẹ̀díẹ̀: 1.2, 2.9, 4.4. Lẹ́yìn ìyẹn mo tẹ̀ síwájú, 4.4 náà ni. Mo tún tẹ̀ síwájú, 4.4. Èyí fi hàn pé iná ò gba iwájú mọ́, ó ti yà. Mo padà síbi ìyànà, mo gba ẹ̀ka ẹ̀gbẹ́: 5.1, 5.8, ó sì parí sí ẹsẹ̀ kàpásítọ̀ kan tó tó hóró ẹ̀wà, tó ń dán bí ẹni pé àná ni wọ́n ṣe é. Kò jó, kò sán, kò rùn. Mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sókè, 2 Ω sì di 140 Ω.

20 V ni wọ́n kọ sára rẹ̀, 15 V ló sì ń gbé látìgbà yẹn. Àyè ibẹ̀ kéré jù. Mo fi 35 V tí µF rẹ̀ (ìwọ̀n iná tó lè gbà) bá ti àkọ́kọ́ mu rọ́pò rẹ̀, mo sì pààrọ̀ gbogbo èyí tó jẹ́ 20 V lórí +15 V, méje lápapọ̀. N kò fọwọ́ kan àwọn yòókù. Ẹ kíyè sí àmì ara wọn: lórí tantalum, ìlà yẹn ń sàmì ẹsẹ̀ +, lórí kàpásítọ̀ onípáànù, ẹsẹ̀ − ni ìlà ń sàmì. Ẹni tó bá yí tantalum padà, á bú gbàmù lójú rẹ̀.

Mo wá so gílóòbù 100 W, ti àtijọ́ tó máa ń gbóná, mọ́ ojú ọ̀nà iná, mo tan ẹ̀rọ. Gílóòbù tàn yòò fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì wálẹ̀. Bó bá dúró ní títàn, bíríìjì mìíràn ṣì wà. Mo yọ gílóòbù kúrò kí n tó wọn fóltéèjì, torí pé òun náà ń jẹ lára iná. +55 V ló ṣe kókó, òun ni ìyókù ń wò. 55.1 V ni mo bá, n kò sì fọwọ́ kan ibi tí wọ́n ti ń yí i: bó bá yẹ̀, gbogbo òṣùwọ̀n ẹ̀rọ á yẹ̀ tẹ̀lé e.

Ìlà iná yọ lójú skóòpù, àmọ́ ó ń mì. Mo gbé mítà sí AC láti wọn bí iná ṣe ń mì tó. Mẹ́rin nínú pọ́wà wọ̀nyẹn ò tó 3 mV. −8 V ń mú 46 mV wá. Kàpásítọ̀ ńlá rẹ̀ ti gbẹ nínú. Iná rẹ̀ ń jábọ́ ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ń rẹlẹ̀ ju ohun tí regulator (ẹ̀yà tó ń mú fóltéèjì dúró lójú kan) nílò lọ. Kí n tó yọ ọ́, mo pa ẹ̀rọ, mo fa wáyà rẹ̀ yọ, mo fi rẹsítọ̀ 2.2 kΩ, 10 W gbẹ iná inú gbogbo kàpásítọ̀ ńlá. Ẹsẹ̀ wọn wọ inú bàbà gbọọrọ tó ń mu ooru, irin 30 W ò lè ràn án. Mo lo 80 W, mo kọ́kọ́ da lẹ́ẹ̀dì tuntun lé ti àtijọ́ kó lè yọ́ dáadáa, mo sì fi okùn bàbà fà á. N kò fi ipá fa ohunkóhun. Bí bàbà inú ihò bá bá a jáde, iṣẹ́ ọjọ́ kan di ti ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ jìnnà sí ẹ̀yìn ojú skóòpù. Iná tó wà níbẹ̀ tó 18 kV lápapọ̀, ó sì ń dúró síbẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti pa ẹ̀rọ. Ọwọ́ kan ni mo máa ń lò bí iná bá wà lórí rẹ̀, èkejì á wà nínú àpò.

Kò sí ibi tí mo ti rí i tí wọ́n ń ba 465 jẹ́ tó ibi tí wọ́n ti ń yan Volts/Div àti Time/Div, ìyẹn iye fóltì àti àkókò tí àpótí kọ̀ọ̀kan ojú skóòpù dúró fún. Ewé irin tín-ín-rín tó ń tẹ bàbà oníwúrà ló wà níbẹ̀. Wọ́n á fọ́n òróró sí i, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ̀rọ á sì máa purọ́. Mo gé bébà funfun tẹ́ẹ́rẹ́, mo rẹ ẹ́ sínú isopropyl alcohol 99%, mo kì í sábẹ́ ewé kan, mo fi ìka tẹ ewé náà fẹ́rẹ́, mo sì fa bébà jáde. Dúdú ló jáde. Mo tún un ṣe títí bébà fi jáde ní funfun, mo wá bọ́ sórí ewé tó kàn. Òwú ò ṣe é lò, okùn rẹ̀ á há, á sì tẹ ewé náà. Àwọn tiransísítọ̀ tó jókòó nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo yọ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo nu ẹsẹ̀ wọn, mo dá wọn padà bí wọ́n ṣe kọjú sí tẹ́lẹ̀.

Mo jẹ́ kó gbóná fún ogún ìṣẹ́jú kí n tó yẹ̀ ẹ́ wò. Bátìrì tí mítà kà sí 1.55 V gbé ìlà sókè ní àpótí mẹ́ta ó lé díẹ̀ lórí 0.5 V. Kírísítà 10 MHz (ẹ̀yà tó ń mú ìgbì tó dọ́gba jáde), lórí 0.1 µs, ìgbì kan gba àpótí kan gẹ́lẹ́ títí dé òpin ojú rẹ̀. Mo so probe (wáyà tí skóòpù fi ń gba iná) mọ́ ibi tí iná 1 kHz rẹ̀ ti ń jáde, mo yí ìdè kékeré ara probe títí orí ìgbì náà fi tẹ́jú.

Lórí 0.5 µs, ìlà ṣì máa ń fò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ewé kan níbẹ̀ ṣì dọ̀tí, màá tún fi bébà gba abẹ́ rẹ̀ kí n tó bo ìdérí.