Bí a ṣe ń lo levothyroxine kó má baà ṣòfò nínú ìfun

Ẹni tí táírọ́ìdì rẹ̀, ẹran kékeré iwájú ọ̀fun, kò ṣiṣẹ́ tó, tàbí tí wọ́n ti gé gẹ̀gẹ̀ rẹ̀ kúrò pátápátá, levothyroxine ni wọ́n sábà máa ń fún. Oògùn yìí kéré gan-an: máíkírógíráàmù 25, 50 tàbí 100 ló wà nínú hóró kan, bẹ́ẹ̀ máíkírógíráàmù 1,000 ló pé mílígíráàmù kan. Bí inú bá ṣófo, ìfun kékeré máa ń gba nǹkan bí ìdá 60 sí 80 nínú 100 rẹ̀. Bí ó bá bá oúnjẹ níbẹ̀, ohun tó máa wọ ẹ̀jẹ̀ á dín kù. Ìdí nìyẹn tí TSH ẹlòmíì (ohun tí wọ́n ń wò nínú ẹ̀jẹ̀, tó máa ń ga bí oògùn táírọ́ìdì kò bá tó lára) fi ń ga ṣáá, tí wọ́n á sì máa fi kún oògùn tó jẹ́ pé ìfun ni kò gbà á.

Bí ẹ bá ti jí, ẹ fi ife omi lásán gbé e mì. Ẹ wá dúró fún 30 ìṣẹ́jú ó kéré tán. Wákàtí kan ló dáa jù. Kí àkókò yẹn tó pé, kọfí ò gbọdọ̀ kan ẹnu, kódà kó má ní mílíìkì. Tíì onímílíìkì àti wàrà sóyà náà ń dí i lọ́wọ́. (Sóyà la wí o, kì í ṣe ẹ̀wà olóyin.) Ẹni tí iṣẹ́ ń lé jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ lè máa lò ó nígbà tó bá fẹ́ sùn, wákàtí 3 ó kéré tán lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Èyí tí ẹ bá mú nínú méjèèjì, ẹ dúró lé e.

Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ jù ni ọ̀dọ̀ àwọn aboyún. Inú ọ̀rá kan náà ni oògùn ẹ̀jẹ̀ (èyí tó ní iron, tó ń fi kún ẹ̀jẹ̀), calcium àti levothyroxine máa ń wà, àtẹ́lẹwọ́ kan náà ni wọ́n sì máa ń da gbogbo rẹ̀ sí lẹ́ẹ̀kan. Oògùn ẹ̀jẹ̀ àti calcium á so mọ́ levothyroxine nínú ìfun, ó di ìgbẹ́. Bẹ́ẹ̀ ìgbà oyún gan-an ni ara ń fẹ́ kó pọ̀ sí i. Wákàtí 4 ló yẹ kó wà láàárín wọn: levothyroxine ní 6 àárọ̀, oúnjẹ ní 7, oògùn ẹ̀jẹ̀ ní 2 ọ̀sán, calcium lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Wákàtí 4 yẹn kan oògùn funfun olómi tí a ń mu bí àyà bá ń ta wá.

Omeprazole yàtọ̀. Omi kíkan inú ikùn ló ń dín kù, hóró levothyroxine sì nílò omi kíkan yẹn láti yọ́. Fífi wákàtí sí àárín wọn kò yanjú rẹ̀. Bí ẹ bá ń rà á fúnra yín ní kẹ́míìsì fún ọgbẹ́ inú, ẹ sọ fún dókítà. H. pylori, kòkòrò tó máa ń gbé inú ikùn, náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá sì ti wò ó sàn, ìwọ̀n oògùn àtijọ́ lè wá pọ̀ jù, ẹ tún àyẹ̀wò ṣe.

Ẹ máa wo ìgbẹ́ yín. Bí táírọ́ìdì bá lọ sílẹ̀, ìfun á máa falẹ̀, ìgbẹ́ á le. Ọ̀pọ̀ á wá máa po èèrí àlìkámà mu láàárọ̀ kí inú lè rọ̀, èyí náà á tún gbé oògùn lọ. Ẹ mu èèrí náà lọ́sàn-án. Bí ẹ bá ń yàgbẹ́ léraléra, tí àyà ń já, tí ọwọ́ sì ń gbọ̀n, oògùn lè ti pọ̀ jù. Ẹ tètè rí dókítà, ẹ má kàn dá a dúró.

Bí wọ́n bá yí ìwọ̀n oògùn padà, ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni kí ẹ tó yẹ TSH wò; ní ti aboyún, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4. Kí ẹ tó lọ, ẹ fi oògùn irun àti èékánná tó ní biotin sílẹ̀ fún ọjọ́ 2 ó kéré tán, torí ó lè jẹ́ kí èsì àyẹ̀wò parọ́.