Bí Àtàǹpàkò Ṣe Kúrò Lẹ́nu Àṣàkẹ́

Òwú ló tú àṣírí náà. Télọ̀ ni mí, Pákátà ní Ìlọrin ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, bí àwọn ọmọ bá ti ilé ìwé dé, wọ́n máa ń bá mi já òwú etí aṣọ. Lọ́jọ́ kan mo rí i pé Àṣàkẹ́, ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún 8, ń fi eyín ẹ̀gbẹ́ já òwú bí ẹni ń họ ìrèké. Mo ní kó fi eyín iwájú já a. Ó gbìyànjú títí, òwú ń yọ̀ jáde. Mo ní kó pa eyín dé kí n wò ó. Eyín òkè ò kan ti ìsàlẹ̀, àlàfo wà níbẹ̀, orí ahọ́n rẹ̀ sì ń yọjú.

Àlájà, ìyá ọkọ mi, ní èjí ló ń bọ̀, ká dúpẹ́. Ẹwà ni èjí lóòótọ́, àmọ́ àárín eyín òkè méjì ló máa ń wà. Fèrèsé ni èyí, láàárín òkè àti ìsàlẹ̀. Mo sì mọ ohun tó ṣí i: àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀. Ó ti ń mu ún láti kékeré, títí ẹ̀yìn ìka náà fi yi bí ọwọ́ àgbẹ̀, tó sì máa ń mọ́ ju àwọn ìka yòókù lọ. Mo ti fi ewúro kùn ún rí. Mo ti fi ata rodo kùn ún, ó fi ọwọ́ náà nu ojú, ẹkún tó sun lálẹ́ ọjọ́ yẹn ṣì ń dùn mí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé kéú ti sọ ọ́ lórúkọ, “ọmọ ọwọ́” ni wọ́n ń pè é.

Dókítà eyín tí mo gbé e lọ bá ò bá a wí rárá. Èmi ló kọjú sí. “Ìyá Àṣàkẹ́, ẹ má fi ata sí i mọ́.” Ó ní ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń fi í sílẹ̀ fúnra wọn kí wọ́n tó pé ọdún 4, pé ohun tó ń ba nǹkan jẹ́ ni tó bá ṣì ń bá a lọ nígbà tí eyín àgbà iwájú ti ń hù. Mo rò pé bí ọmọ ṣe ń fà á le tó ló ń ti eyín. Ó ní rárá, bó ṣe ń pẹ́ lẹ́nu ni. Bí ìka bá wà lẹ́nu fún wákàtí 6 lójú oorun, bó ti wù kó rọra wà níbẹ̀ tó, eyín á máa yẹ̀ fún un.

Kò fi irin sí i lọ́jọ́ náà. Ó ní ká fi oṣù kan máa sàmì sí kàlẹ́ńdà fún gbogbo ọjọ́ tí kò bá mu ún, ká sì fi ìbọ̀sẹ̀ bo ọwọ́ náà lálẹ́. Ti ojúmọmọ lọ. Ti òru ò lọ, ó ń bọ́ ìbọ̀sẹ̀ sọnù lójú oorun. Nígbà tí a padà, dókítà bi ọmọ fúnra rẹ̀ bóyá ó fẹ́ jáwọ́. Ó ní bó bá ní òun ò fẹ́, òun ò ní fi nǹkan kan sí i lẹ́nu. Àṣàkẹ́ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Rọ́bà róbótó ni wọ́n kọ́kọ́ ki sáàárín eyín ńlá ẹ̀yìn ti òkè, lọ́tùn-ún lósì, kí àyè lè ṣí. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, wọ́n yọ wọ́n, wọ́n fi òrùka irin wọ eyín náà. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ mú fẹ̀ jù, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n ń dán an wò bí èmi náà ṣe ń dán aṣọ wò lára oníbàárà kí n tó rán an pa. Wọ́n wá po ìyẹ̀fun kan mọ́ omi, ó ki bí ẹ̀kọ, wọ́n kó o sínú àwo, wọ́n gbé e lé àjà ẹnu rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti fẹ́ bì. Dókítà ní kó tẹ orí síwájú, kó máa fi imú mí, kó máa mi ọmọ ìka ẹsẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, a jọ ń kà. Ó dì, wọ́n yọ ọ́, ó parí.

Wọ́n fi pí-ó-pì da àpẹẹrẹ ẹnu rẹ̀, orí rẹ̀ ni wọ́n ti tẹ wáyà. Palatal crib ni wọ́n ń pè é. Ó gba àjà ẹnu kọjá láti òrùka kan dé èkejì, ó sì lọ́ wálẹ̀ lẹ́yìn eyín iwájú bí ọgbà kékeré. Símẹ́ńtì eyín ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, kò ṣeé yọ nílé. Kò gún ìka, kò gé e. Àtàǹpàkò ò kàn lè fara ti àjà ẹnu mọ́, afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ kọjá, adùn ọwọ́ mímu sì tán. Ó tún ń dá ahọ́n dúró kó má máa ti ara rẹ̀ bọ fèrèsé náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ má sọ fún ọmọ pé ìjìyà ni.

Lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀ ni wọ́n fi í sí i. Ọjọ́ 3 àkọ́kọ́ le, itọ́ ń dà, ẹ̀kọ, gbẹ̀gìrì àti wàrà nìkan ló lè jẹ. Bó bá ní “Bísímíláì” nílé kéú, súfèé ló ń bá a jáde. Mo lọ ṣàlàyé fún Áfà wọn, wọ́n ní kó máa ka tirẹ̀ jẹ́jẹ́ títí ahọ́n á fi mọ ọ̀nà. Ó tó ọ̀sẹ̀ 2.

Lóru, mo máa ń tan iná fóònù wò ó. Ní òru kẹrin mo rí i tí ọwọ́ gòkè lọ sí ẹnu, ó fi kan wáyà, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó yọ ọ́, ó fi nu ìrọ̀rí, ó sùn lọ. Mo jókòó sórí ibùsùn náà, omi ń bọ́ lójú mi. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọwọ́ ò gòkè mọ́.

Ẹ̀bi tèmi ni ti Iléyá. Wọ́n ti sọ fún wa pé kó má jẹ kúlíkúlí, gúgúrú, tọ́ọ̀fì tàbí eegun. Ẹran àgbò pọ̀ nílé, ó bẹ̀ mí, mo fún un ní eegun ìhà. Òrùka apá òsì tú. Dókítà tún un lẹ̀, ó sì ní bí a bá jẹ́ kó máa mì bẹ́ẹ̀, oúnjẹ á há sábẹ́ rẹ̀, eyín á jẹrà.

Ọwọ́ ti kúrò lẹ́nu tipẹ́, àmọ́ wọ́n fi wáyà sílẹ̀ títí oṣù 7 fi pé, kí àṣà náà má baà padà. Ọjọ́ tí wọ́n yọ ọ́, àjà ẹnu rẹ̀ pọ́n díẹ̀, ìyẹn náà lọ. Fèrèsé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé. Ó kù díẹ̀ lápá ọ̀tún, dókítà sì ní òun á máa wò ó bó ṣe ń dàgbà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń rán bùbá kan, Àṣàkẹ́ gba etí aṣọ lọ́wọ́ mi, ó fi eyín iwájú já òwú náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó wò mí. Mo ní kó tún un ṣe, kí Àlájà wá wò ó. Lẹ́yìn náà ni mo fún un ní àlùmọ́gàjí.