Bí ẹ ó ṣe máa kọ ohun tí ìwé ìtàn ṣe sí yín lọ́kàn sílẹ̀

"Ìwé yìí dùn gan-an" kò sọ nǹkan kan. Bí ẹ bá padà ka irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan, ẹ ò ní rántí ohun tó dùn níbẹ̀, ẹ ò sì ní rántí ibi tó ti dùn. Èrò tó wúlò máa ń ní ojú ìwé tó so mọ́. Ẹ mú ibi tí nǹkan ti ṣe yín gan-an, kí ẹ wá yẹ ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé lò níbẹ̀ wò. Iṣẹ́ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ìwé àtayébáyé, ìtàn ìwáṣẹ̀ àti ìtàn abàmì ní kòtò tiwọn tí èèyàn máa ń jìn sí.

Kí ẹ tó ka ojú ìwé kìíní, ẹ kọ orúkọ ìwé, ẹni tó kọ ọ́, ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ àti ọdún tí wọ́n tẹ ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín. Kì í ṣe àṣejù. Ọdún 1818 ni Frankenstein tí Mary Shelley kọ kọ́kọ́ jáde, níbi tí Elizabeth, àfẹ́sọ́nà Victor tó jẹ́ akọni ìtàn náà, ti jẹ́ ọmọ arábìnrin bàbá Victor. Nígbà tó tún un ṣe lọ́dún 1831, Elizabeth ti di ọmọ tí wọ́n gbà tọ́ lásán. Òǹkàwé méjì lè máa jiyàn lórí ìfẹ́ àwọn méjèèjì, kí kálukú sì jàre nínú ẹ̀dà tirẹ̀. Ní ti Odyssey, ewì gígùn àtijọ́ ti ilẹ̀ Gíríìsì tí wọ́n ní Homer kọ, ojú ìwé kì í bára mu láàárín àwọn òǹtúmọ̀; nọ́ńbà "Ìwé" (apá 24 tí wọ́n pín ewì náà sí) àti ti ìlà ni kí ẹ kọ. Ẹ fo ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí ọ̀mọ̀wé kọ. Ìparí ìtàn sábà máa ń wà níbẹ̀, èrò rẹ̀ á sì ti jókòó síbi tó yẹ kí tiyín jókòó. Ẹ kà á tí ẹ bá ti kọ èrò tiyín tán.

Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ mú. Àmì mẹ́ta ti tó: ! síbi tó bá yín lójijì, ? síbi tí kò yé yín, × síbi tó bí yín nínú. Bí ìwé bá jẹ́ ti láíbìrì, ẹ kọ nọ́ńbà ojú ìwé sórí bébà pélébé tí ẹ fi mọ ibi tí ẹ kà dé. Ẹni tó bá fa ìlà sábẹ́ gbogbo gbólóhùn kò sàmì sí nǹkan kan. Ẹ ka bí 30 ojú ìwé láìdúró kọ̀wé, kí ẹ wá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá mú àmì kan ṣoṣo: kí ló ṣẹlẹ̀, kí ló ṣe yín, ọ̀rọ̀ wo ló fà á? Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ kọ ọ́. Tó bá di ọ̀túnla, ìtàn nìkan lẹ ó máa rántí.

Nínú Ìwé 17, ẹ wo ajá Odysseus, akọni Odyssey tó padà sílé lẹ́yìn ogún ọdún. Ọ̀pọ̀ á kọ pé: "Ajá náà ṣe mí láàánú." Òótọ́ ni, àmọ́ kò mú wa débì kankan. Ẹ wo èyí: "Argos dùbúlẹ̀ sórí ààtàn, eégbọn bò ó. Lẹ́yìn ogún ọdún, ó mọ̀ pé ọ̀gá òun wà nítòsí, ó ju ìrù, ó pa etí wálẹ̀, kò lè dìde. Odysseus tó múra bí alágbe kò lè lọ bá a. Ṣe ló yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó nu omijé kí Eumaeus tó ń tọ́jú ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ má bàa rí i. Omijé tó fi pa mọ́ yẹn ló dùn mí ju ikú ajá lọ." Nígbà tí ẹ bá dé Ìwé 19, tí Eurycleia tó tọ́ Odysseus dàgbà dá a mọ̀ nípasẹ̀ àpá ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ padà fi ìlà kan kún un: ajá kò nílò àpá.

Àṣìṣe tó pọ̀ jù ni pé ìsọnísókí ìtàn á gba gbogbo ojú ìwé. Gbólóhùn tí ẹni tí ìwé náà kò ṣe ní nǹkan kan lè kọ, ẹ pa á rẹ́.

Ẹ tún máa bi ara yín pé ta ló ń sọ̀rọ̀. Odysseus fúnra rẹ̀ ló ń ròyìn àwọn àbàmì tó bá pàdé láti Ìwé 9 dé 12, àwọn tó bá a rìn sì ti kú. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà tẹ̀ jáde lọ́dún 1938, Àkàrà-Oògùn, ọdẹ tó jẹ́ akọni ìtàn náà, ló ń sọ, ẹlòmíràn ló ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá gba ti akọni tán pátápátá, ẹ wò ó bóyá akọni náà ló ń ròyìn ara rẹ̀.

Nínú ìtàn ìwáṣẹ̀, orúkọ ló máa ń dani láàmú. Achilles náà ni wọ́n tún ń pè ní "ọmọ Peleus", Odysseus náà ni wọ́n tún ń pè ní Ulysses. Ẹ fi ojú ìwé ẹ̀yìn sílẹ̀ fún orúkọ, ọmọ ta ni, àti ibi tó ti kọ́kọ́ yọjú. Ẹ má sì tètè kọ pé ẹ̀dá ìtàn kan "kò lọ́kàn". Ọ̀pọ̀ ìtàn àtijọ́ ń sọ ohun tí èèyàn ṣe, wọn kì í sọ ohun tó ń rò.

Nínú ìtàn abàmì, òfin agbára àràmàǹdà inú rẹ̀ ni kí ẹ kọ: kí ló lè ṣe, kí ló ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó lò ó, ojú ìwé wo. Bí ìparí bá wá dà bí ìrẹ́jẹ, àkọsílẹ̀ yìí ló máa fi hàn bóyá òǹkọ̀wé ló rú òfin rẹ̀ tàbí ẹ̀yin lẹ fojú fò ó.

Ìwé àtayébáyé ní ohun tó ń bíni nínú. Nínú Ìwé 22 ti Odyssey, Telemachus, ọmọ Odysseus, so àwọn ẹrúbìnrin méjìlá rọ̀. Àwọn kan á ní "ayé ìgbà yẹn ni", wọ́n á sì kọjá. Àwọn mìíràn á ju ìwé náà nù. Kò sí èyí tó jẹ́ ìwé kíkà nínú méjèèjì. Ẹ wo bóyá asọ̀tàn fúnra rẹ̀ rí i: ó fi wọ́n wé ẹyẹ tó kó sínú pańpẹ́, ó sì sọ pé ẹsẹ̀ wọn mì fún ìgbà díẹ̀, kò pẹ́. Ẹ kọ ohun tí ìlà yẹn ṣe sí ìbínú yín.

Tí ẹ bá parí ìwé, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ẹ má tíì wo fíìmù rẹ̀, ẹ má ka èrò ẹnikẹ́ni. Ẹ mú àkọsílẹ̀ mẹ́ta tí kò bára mu, kí ẹ fi kọ bí 500 ọ̀rọ̀. Inú ìran kan ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti bí òǹkọ̀wé. Tí ẹ bá tún ìwé náà kà lọ́jọ́ mìíràn, ẹ lo bírò aláwọ̀ míì, ẹ kọ déètì sí i, ẹ má sì pa èrò àkọ́kọ́ rẹ́, bó ti wù kó tì yín lójú tó.