Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí A Bá Ń Kọ́ Ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ní Àyípo Omi

Àwòrán tí a sábà máa ń yà sí ojú pátákó nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn ọmọdé ní àyípo omi kò ju oòrùn, òkun, àwọsánmà, òjò àti ọfà mélòó kan lọ. Àwòrán náà kò burú, ṣùgbọ́n ohun tí ojú lè rí nìkan ni ó ń tẹnu mọ́, nígbà tí ó jẹ́ pé apá tí ojú kò rí ni ó máa ń rú ọmọdé lójú jù lọ: ìgbà tí omi bá wà nínú afẹ́fẹ́ gẹ́gẹ́ bí oru, àti ìgbà tí ó bá wà nínú ilẹ̀.

Ẹ má ṣe sọ fún ọmọ pé àwọsánmà ni oru omi. Oru omi kò ní àwọ̀, ojú ènìyàn kò sì lè rí i; ó wà nínú afẹ́fẹ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀. Àwọsánmà jẹ́ àkójọ ẹ̀kán omi tín-ín-tìn-ín tàbí ègé yìnyín kéékèèké, tí ó wáyé nígbà tí oru náà gòkè, tí ó tutù, tí ó sì di omi padà lára eruku tàbí iyọ̀ tí ń fò kiri nínú afẹ́fẹ́. Bákan náà ni kì í ṣe òótọ́ pé àwọsánmà jẹ́ àpò tí omi kún títí tí ó fi bẹ́. Ẹ̀kán inú àwọsánmà kò sábà ju nǹkan bí 0.02 mìlímítà ní ìbú, ó sì fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí afẹ́fẹ́ tí ń gòkè fi lè gbé e dúró. Nǹkan bí mílíọ̀nù kan irú rẹ̀ ni yóò para pọ̀ kí ẹ̀kán òjò kan ṣoṣo tó lè wà. Ọmọ tí ó bá mọ èyí kò ní ṣòro fún láti lóye ìdí tí àwọsánmà púpọ̀ fi ń kọjá lọ láìrọ òjò.

Àṣìṣe kan tún wà tí àwa olùkọ́ ń fi ọwọ́ ara wa dá sílẹ̀, ìyẹn ni kí a máa se omi lórí iná níwájú àwọn ọmọ láti fi bí omi ṣe ń di oru hàn wọ́n. Yàtọ̀ sí pé omi gbígbóná lè jó wọn, wọn yóò gbà pé àfi kí omi hó kí ó tó lè di oru. Omi máa ń hó ní ìwọ̀n 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius ní etí òkun, ṣùgbọ́n kò sí ìgbà tí kì í di oru láti ojú rẹ̀, àní nínú òtútù pàápàá. Ooru àti afẹ́fẹ́ kàn ń mú kí ó yára ni. Àwo pẹlẹbẹ méjì tí a bu omi díẹ̀ sí, tí a gbé ọ̀kan sínú oòrùn àti èkejì síbi òjìji, ti tó fún ẹ̀kọ́ yìí. Bí a bá po iyọ̀ mọ́ ọ̀kan, iyọ̀ náà yóò ṣẹ́ kù sí ìdí àwo nígbà tí omi bá gbẹ tán, a ó sì ti dáhùn ìbéèrè wọn nípa ìdí tí omi òjò kò fi níyọ̀ bí ti òkun.

Àwọn ọmọ kan yóò béèrè pé kí ló dé tí òkè fi tutù nígbà tí ó súnmọ́ oòrùn. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ rọ́ ìbéèrè yìí sẹ́yìn. Ilẹ̀ ni oòrùn kọ́kọ́ ń mú gbóná, ilẹ̀ ni ó sì ń mú afẹ́fẹ́ gbóná. Bí afẹ́fẹ́ náà bá ti ń gòkè ni ó ń fẹ̀ sí i, tí ó sì ń tutù.

Ọfà tí ó yípo lọ́nà kan ṣoṣo, láti òkun dé àwọsánmà, láti àwọsánmà dé orí òkè, láti orí òkè padà sí òkun, ń ṣi ọmọ lọ́nà. Nínú omi tí ń di oru láti ojú òkun, nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni ó tún ń rọ̀ padà sínú òkun láìfojú kan ilẹ̀ rárá. Igi àti koríko náà ń tú oru sílẹ̀ láti inú ihò kéékèèké ara ewé wọn, síbẹ̀ àwòrán púpọ̀ kì í yà wọ́n sí i. Àkókò kò sì dọ́gba: omi kì í sábà lò ju nǹkan bí ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ nínú afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ó lè lo ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún nínú ilẹ̀.

Omi abẹ́ ilẹ̀ yìí gan-an ni a ń fojú fò jù. Bí a bá tilẹ̀ mẹ́nu bà á, ọmọ yóò rò pé odò ńlá kan ni ó ń ṣàn nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ àárín hóró iyanrìn àti inú sísán àpáta ni omi náà sábà máa ń wà, tí ó ń rìn díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi sun jáde. Òun ni ó ń jẹ́ kí odò máa ṣàn ní àkókò tí òjò kò rọ̀. Àwọn àgbà ọ̀mọ̀wé pàápàá ti ṣìnà níbí rí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé òjò kò lè tó láti bọ́ odò, pé omi òkun ni ó ń gba abẹ́ ilẹ̀ wá sí ìsun. Ní ọdún 1674, Pierre Perrault, ará Faransé, tẹ ìṣirò rẹ̀ jáde nípa apá òkè odò Seine, ó sì fi hàn pé òjò tí ń rọ̀ síbẹ̀ lọ́dún tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́fà omi tí odò náà ń gbé lọ.

A tún máa ń sọ pé omi ayé kì í dín kù, kí a sì dúró níbẹ̀. Ọmọ yóò wá béèrè ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń wá omi. Ẹ fi kún un pé nǹkan bí ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún omi ayé ni ó jẹ́ oníyọ̀, pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú èyí tí kò níyọ̀ ti dì sí yìnyín, àti pé èyí tí ó wà lárọ̀ọ́wọ́tó lè bàjẹ́.

Nígbà ìdánwò, ẹ má ṣe ní kí wọ́n ka orúkọ ìpele àyípo omi nìkan. Ẹ fi àkísà tútù nu pátákó, kí ẹ dúró títí yóò fi gbẹ, kí ẹ sì béèrè ibi tí omi náà lọ. Ọmọ tí ó bá dáhùn pé ó wọ inú pátákó lọ ti fi ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tirẹ̀ hàn yín.