Bí mo ṣe dìbò lórí gbèsè omi ní California, àti bí ìbuwọ́lùwé ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ìbò mi jẹ́

Inú bí mi gan-an nígbà tí lẹ́tà ọ́fíìsì ètò ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ wa tẹ̀ mí lọ́wọ́, pé ìbuwọ́lùwé tó wà lára àpòòwé tí mo fi ìwé ìdìbò mi ránṣẹ́ kò jọ èyí tó wà lọ́dọ̀ wọn, nítorí náà wọn kò tíì ka ìbò tí mo dì ní oṣù kọkànlá ọdún 2024. Èmi tí mo jókòó ti ìwé àlàyé olùdìbò títí Àbá 4, àbá gbèsè omi tí wọ́n ní ká dìbò lé lórí, fi yé mi yékéyéké!

Àbá náà ní kí ìpínlẹ̀ náà ta bọ́ǹdì láti yá bílíọ̀nù 10 dọ́là. Bílíọ̀nù 3.8 nínú rẹ̀ jẹ́ ti omi mímu, àkúnya omi àti àtúnṣe odò. Ìyókù jẹ́ ti iná igbó, etíkun àti àwọn nǹkan mìíràn. Ohun tó ká mi lára ni owó ìdápadà: nǹkan bí 400 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dọọdún fún 40 ọdún, ìyẹn bílíọ̀nù 16. Mo rojú, ṣùgbọ́n mo fara mọ́ ọn, torí pé àwọn ìlú kéékèèké wà ní Àfonífojì San Joaquin tí kànga wọn ti gbẹ, tàbí tí ajílẹ̀ oko ti ba omi rẹ̀ jẹ́, tó fi jẹ́ pé omi inú ike ni wọ́n ń rà mu.

Kíkun ìwé ìdìbò kò nílò àlàyé. Ìbuwọ́lùwé ni ogun. Lọ́jọ́ tí mo gba káàdì ìwakọ̀ mi, orí gíláàsì kékeré kan ni wọ́n ní kí n buwọ́ lù. Orúkọ mi gùn, kálàmù oníke náà ń yọ̀, ohun tó jáde sì dà bí ipa ìgbín lára ògiri. Ipa ìgbín yìí ni wọ́n wá fi ń wọn ohun tí mo fi bíírò gidi kọ! Mo pè wọ́n. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé fóònù ní kí n kàn buwọ́ lu fọ́ọ̀mù tó bá lẹ́tà náà wá “bíi ti tẹ́lẹ̀.” Mo ní tẹ́lẹ̀ wo? Ó ní òun kò lè fi í hàn mí. Ká ní wọ́n yẹ èlé bílíọ̀nù 6 yẹn wò tó bí wọ́n ṣe yẹ orúkọ mi wò!

Mo gbé káàdì náà síwájú, mo fara balẹ̀ ya ìgbín náà síbi ìbuwọ́lùwé, mo sì fi ẹsẹ̀ ara mi gbé fọ́ọ̀mù náà lọ. Wọ́n gbà á. Díẹ̀ ló kù kí àwọn tó fọwọ́ sí Àbá 4 pé 60 nínú 100, ìbò tèmi sì wà níbẹ̀.

Ẹ wo ara káàdì ìwakọ̀ yín kí ẹ tó buwọ́ lu àpòòwé. Bí lẹ́tà bá sì dé, ẹ tètè dá fọ́ọ̀mù náà padà, torí ó ní gbèdéke.