Bí ẹ ṣe lè mọ iye kábọ́ọ̀nù tí igbó pàdánù lẹ́yìn ìjì họ́ríkéènì

Tí ìjì bá kọjá tí igi sùn lọ bẹẹrẹ, ẹnu gbogbo èèyàn ni pé kábọ́ọ̀nù inú igbó yẹn, ìyẹn èròjà tí igi ń fà látinú afẹ́fẹ́ tó sì fi ń dàgbà, ti lọ. Kò tíì lọ o! Inú igi tó wó yẹn náà ló ṣì wà, bó bá ṣe ń jẹrà ló ń tú u sáfẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ ọdún, àfi tẹ́nì kan bá lọ dáná sun ún. Nígbà tí ìjì họ́ríkéènì tí wọ́n ń pè ní Katrina jà ní Amẹ́ríkà ní 2005, igi tó kú tàbí tó fara pa gan-an tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 320, wọ́n sì ṣírò kábọ́ọ̀nù inú wọn sí mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 105, àmọ́ kì í ṣe ọjọ́ kan ṣoṣo nìyẹn máa fò lọ.

Kẹ́ ẹ tó wọ igbó, ẹ kọ́kọ́ wòkè. Ẹ̀ka tó dá tó há sórí igi ń pa èèyàn, tí atẹ́gùn bá ṣì ń fẹ́, ẹ padà sílé.

Ẹ fi okùn yí ibi tẹ́ ẹ fẹ́ wọ̀n ká, mítà 20 lọ́nà méjèèjì dáa. Jọ̀ọ́, ẹ má yan ibi tó bàjẹ́ jù nìkan, atẹ́gùn kì í lu igbó dọ́gba, ẹ mú ibi gíga, ẹ mú ibi tí òkè ṣíji bò, kí iye tó máa jáde lè jóòótọ́. Lẹ́yìn náà ẹ kọ irú igi kọ̀ọ̀kan àti ohun tó ṣe é: ewé rẹ̀ ló já ni, àbí ẹ̀ka ló ṣẹ́, àbí ó dá láàárín, àbí ó hú tòun ti gbòǹgbò.

Ó wá kan ìṣirò. Ẹ fi téèpù yí igi náà ká ní mítà 1.3 látilẹ̀, ẹ fi 3.14 pín iye tẹ́ ẹ rí, ìyẹn ni fífẹ̀ rẹ̀. Igi ilẹ̀ olóoru tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30, tó ga mítà 20, tí pákó rẹ̀ ò le jù tí ò sì rọ̀ jù, á tó kílò 580 tó bá gbẹ, bí ìdajì rẹ̀ ló sì jẹ́ kábọ́ọ̀nù.

Ibi tó ṣe pàtàkì jù lójú mi ni pé kẹ́ ẹ padà lọ. Igi tí ò léwé kan lè tún rúwé lẹ́yìn oṣù díẹ̀, èyí tó dá láàárín náà lè sọ látara kùkùté, bẹ́ẹ̀ èyí tó dúró ṣánṣán lónìí lè kú lọ́dún tó ń bọ̀ torí pé gbòǹgbò rẹ̀ ti já nínú ilẹ̀, torí náà ẹ padà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn ọdún kan, kẹ́ ẹ sì máa lọ lọ́dọọdún lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ wọn àwọn igi kéékèèké tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ rí náà, wọ́n ti ń kó kábọ́ọ̀nù padà nìyẹn, tí ìtàkùn ò bá bò wọ́n mọ́lẹ̀.

Ní ti ìtì igi tó wà nílẹ̀, ẹ kó èyí tó dí ọ̀nà àtèyí tó sún mọ́ ilé torí iná, kẹ́ ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ là á sí pákó, ẹ tètè ṣe é kó tó jẹrà, ẹ má sì jẹ́ kí katakata máa tẹ àwọn igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù pa.