Jẹ́ẹ̀lì ló dá wa dúró

Wọ́n ti fi ẹ̀rọ tó ń ti ìta ara rán ìgbì wọlé láti fọ́ òkúta kíndìnrín lu òkúta ọmọ kan níbòmíràn kí wọ́n tó gbé e wá sọ́dọ̀ wa. Òkúta mìlímítà 11 nínú kíndìnrín apá òsì ọmọ ọdún 5, kò tilẹ̀ sán. Àwọn òbí ti san owó ẹ̀rọ, wọ́n ti san owó oògùn tí wọ́n fi kun ọmọ lóorun, wọ́n sì tún fẹ́ san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ìyẹn ló bí mi nínú, torí irú òkúta bẹ́ẹ̀ yẹ kó fọ́.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ yìí ti mọ àyẹ̀wò ìtọ̀ àti ti ẹ̀jẹ̀ tí a ń ṣe ṣáájú, n kò ní tún wọn sọ. Ibi tí wàhálà wà ni jẹ́ẹ̀lì, ohun yíyọ̀ tí a ń fi sáàárín ara àti ẹ̀rọ.

Ìgbì tó ń fọ́ òkúta máa ń gba inú omi kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n tó bá kan atẹ́gùn, ṣe ló máa ta padà. Bí atẹ́gùn bá há sáàárín ara ọmọ àti ìrọ̀rí omi tó wà lórí ẹ̀rọ, bí kò tilẹ̀ ju ìdá 2 nínú 100 ojú ibi tí wọ́n ti kanra lọ, òkúta kò ní fọ́ bó ṣe yẹ mọ́. Jẹ́ẹ̀lì inú ìgò kékeré ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí wọ́n ń lò fún skáànù aláboyún ni wọ́n kó wá fún wa. Bí a ṣe ń fún un jáde ni hóró atẹ́gùn ń hàn nínú rẹ̀ kedere. Mo ní n kò ní fi ṣe é. Dókítà tó fẹ́ kun ọmọ lóorun ń wo aago, olùtọ́jú ẹrù ní jẹ́ẹ̀lì ni jẹ́ẹ̀lì ń jẹ́. A kò kun ọmọ lóorun títí ike jẹ́ẹ̀lì ńlá ẹlẹ́nu gbàràmù fi dé.

A bu jẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀, a kó o jọ ní òkìtì kan ṣoṣo sí àárín ìrọ̀rí ẹ̀rọ, a kò fọwọ́ tẹ́ ẹ rárá. Ara ọmọ ló tẹ̀ ẹ́ fẹ̀ nígbà tí a gbé ọmọ náà lé e. Látìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé ọmọ sókè kó tún gbé e padà, torí atẹ́gùn á há síbẹ̀. Tó bá di dandan, ẹ nu jẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ kúrò, kí ẹ bu òmíràn.

Ẹ̀dọ̀fóró ọmọdé kò jìnnà sí kíndìnrín rẹ̀, ìgbì yìí sì lè mú kó ṣẹ̀jẹ̀, nítorí náà a fi fóòmù pẹlẹbẹ bò ó. Skáànù la fi ń ṣọ́ òkúta, kí ẹ́síréè má baà pọ̀ lára ọmọ. Agbára tó kéré jù la fi bẹ̀rẹ̀, a dúró díẹ̀, a wá ń fi kún un, lílù 60 ní ìṣẹ́jú kan. Ti ibi àkọ́kọ́ jẹ́ 120. Ìkánjú lásán! Lílù tó bá yára jù kì í fọ́ òkúta dáadáa. Kó tó pé lílù 1,500, òkúta náà ti tú ká bí iyanrìn lójú skáànù. Inú mi dùn gan-an.

Ẹ̀yin òbí, ẹ bi àwọn dókítà: lílù mélòó ní ìṣẹ́jú kan? Kí lẹ máa fi bo ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀? Ìtọ̀ pupa lọ́jọ́ kìíní kejì kò léwu. Ṣùgbọ́n bí ibà bá dé, tàbí tó ń bì, tàbí tí kò rí ìtọ̀ tọ̀, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́. Ẹ fi asẹ́ gba ìtọ̀ rẹ̀, kí ẹ kó àfọ́kù òkúta náà lọ fún àyẹ̀wò, torí irú èyí tó ń jẹ́ cystine le, ó sì máa ń padà wá tí wọn kò bá tọ́jú ohun tó fà á.